Ẹgbẹ́ aṣíkiri ni, àbí ẹgbẹ́ àkólọ?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò.

Ẹ̀gbọ́n wa tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ béèrè pé kí ni ká máa pe ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ tó fi ìlú kan sílẹ̀ lọ sí òmíràn ní Amẹ́ríkà. Wọ́n dábàá "ẹgbẹ́ aṣíkiri". Wọ́n fi kún un pé ibi tí ẹgbẹ́ bá lọ ni ìtàn rẹ̀ ń bá a lọ, nítorí náà ká kọ ọ́ báyìí pé Oklahoma City Thunder, tó jẹ́ Seattle SuperSonics tẹ́lẹ̀, ti gba ife NBA, líìgì bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ Amẹ́ríkà, lẹ́ẹ̀mejì, ní 1979 àti 2025. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún wọn, n kò fara mọ́ méjèèjì.

Aṣíkiri ló ń dá ara rẹ̀ ṣí. Ó lè wà níbí lónìí, kó gba ibòmíràn lọ lọ́la, kò sí ẹni tó ń tì í. Ẹgbẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà kò rí bẹ́ẹ̀, olówó rẹ̀ ló ń kó o. Ní 2006, Howard Schultz ta Seattle SuperSonics fún àwọn olówó Oklahoma City kan tí Clay Bennett jẹ́ olórí wọn, ní 350 mílíọ̀nù dọ́là. Wọ́n ní kí gbọ̀ngàn ìṣeré tuntun wà, kò bọ́ sí i, ni wọ́n bá ní àwọn ń lọ. Ìlú Seattle pè wọ́n lẹ́jọ́, torí àdéhùn tí wọ́n ṣe lórí gbọ̀ngàn KeyArena ṣì ku di 2010. Ní oṣù Keje ọdún 2008 wọ́n parí ìjà: àwọn Bennett gbà láti san 45 mílíọ̀nù dọ́là, wọ́n kó àwọn agbábọ́ọ̀lù lọ sí Oklahoma City, níbi tí wọ́n ti di Thunder, wọ́n sì fi orúkọ SuperSonics àti àwọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún Seattle. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin, Storm, wà nínú ọjà tí wọ́n rà ní 2006 yẹn, àmọ́ kò lọ. Àwọn obìnrin Seattle kan ló rà á ní 2008, ó sì wà níbẹ̀ títí dòní. Ọwọ́ olówó kan náà ni méjèèjì wà, ọ̀kan lọ, ọ̀kan dúró. Ta ló ṣí kiri níbẹ̀?

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ "ẹgbẹ́ àkólọ". Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé àmì ohùn ìsàlẹ̀ tó wà lórí à. Bí a bá fi ohùn àárín pè é, akólọ, ẹni tó kó nǹkan lọ ni, Bennett nìyẹn. Bí a bá fi ohùn ìsàlẹ̀ pè é, ohun tí wọ́n kó lọ ni, gẹ́gẹ́ bí àjẹkù ti jẹ́ ohun tí a jẹ kù, tí àgbàtọ́ sì jẹ́ ọmọ tí a gbà tọ́. Arábìnrin kan ti sọ níbí pé "kó lọ" ń mú olè wá sọ́kàn. Bí a bá ní àwọn aládùúgbò wa ti kó lọ sí Ìbàdàn, kò sí ẹni tó ń ro olè. Lóòótọ́, bí ẹ bá bi àwọn ará Seattle, olè náà ni wọn yóò gbọ́ níbẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ náà gba méjèèjì, kò burú. "Apapòdà" tí ẹlòmíràn mú wá ni n kò lè gbà rárá: àgbàlagbà tó kú la ń sọ pé ó papò dà.

Àmọ́ "àkólọ" nìkan kò tó, torí ohun tí wọ́n ń kó yàtọ̀ síra.

Lakers kó gbogbo ẹrù. Minneapolis ni wọ́n wà, ní Minnesota, ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ilẹ̀ adágún omi 10,000, ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Ní 1960 wọ́n dé Los Angeles, orúkọ tẹ̀ lé wọn, ife márùn-ún tí George Mikan àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbà láàárín 1949 sí 1954 tẹ̀ lé wọn, wọ́n sì wà nínú 17 tí Lakers ń kà títí dòní. Ní 2022, wọ́n gbé nọ́ńbà 99 tí Mikan wọ̀ kọ́ sókè láti fi bọlá fún un ní Los Angeles, ìlú tí kò gbá bọ́ọ̀lù fún rí. Irú èyí kò ṣàjèjì sí wa. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, tí Àtìbà tẹ̀dó sí Àgọ́, Àgọ́ d'Ọ̀yọ́. Kò sí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ìtò àwọn Aláàfin láti orí Àtìbà.

Ti Charlotte ló kọ́ mi pé ìtàn kì í fi gbogbo ìgbà tẹ̀ lé ẹrù. Hornets bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1988. Ní 2002, George Shinn, olówó wọn, kó wọn lọ sí New Orleans tòun ti orúkọ. Ní 2004 Charlotte rí ẹgbẹ́ tuntun gbà, wọ́n pè é ní Bobcats. Ìjì Katrina jà ní 2005, New Orleans kò ṣeé gbé, Hornets bá lọ fi Oklahoma City ṣe ilé fún sáà méjì. Ibẹ̀ ni ìlú yẹn ti fi han líìgì pé òun lè gba ẹgbẹ́. Ní 2013 àwọn New Orleans sọ ara wọn di Pelicans, ẹyẹ tó jẹ́ àmì ìpínlẹ̀ Louisiana. Lọ́dún kejì, Charlotte gba orúkọ Hornets padà, wọ́n sì dá ìtàn 1988 sí 2002 padà fún wọn. Lọ́wọ́ báyìí, ìtàn Pelicans bẹ̀rẹ̀ láti 2002. Bí ìtàn bá ń tẹ̀ lé ẹgbẹ́ níbikíbi bí ẹ̀gbọ́n wa ti wí, báwo ni wọ́n ṣe rí èyí dá padà? Ẹ wo Chris Paul. Aṣọ tí wọ́n kọ Hornets sí ló wọ̀ láti 2005 dé 2011, àmọ́ Pelicans ni wọ́n ka gbogbo ohun tó ṣe mọ́. Ẹni tó bá kọ ọ́ ní Yorùbá pé "ó gbá bọ́ọ̀lù fún Hornets", tí kò dárúkọ New Orleans, ti ṣi òǹkàwé lọ́nà.

Ká wá padà sórí ife 1979. Lenny Wilkens ni akọ́nimọ̀ọ́gbá, Dennis Johnson, Gus Williams àti Jack Sikma wà lórí pápá, wọ́n na Washington Bullets, Seattle ló sì jó ijó ayọ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, Thunder na Indiana Pacers 103 sí 91 nínú ìdíje keje tó parí ọ̀rọ̀ ife, Oklahoma City ló jó. Àwọn oníròyìn kan ní ife ẹlẹ́ẹ̀kejì nìyẹn. Lójú tèmi, ìṣirò ìwé ni. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018, Kevin Durant, tó ti lo sáà kan péré ní Seattle kí wọ́n tó kó lọ, bá Warriors padà wá sí KeyArena láti bá Kings ṣe ìdíje ìmúrasílẹ̀. Aṣọ SuperSonics ti Shawn Kemp, tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Seattle rí, nọ́ńbà 40, ló wọ̀ jáde, gbogbo ilé sì hó yèè. Èèyàn kì í hó bẹ́ẹ̀ fún ìtàn tó ti di ti ẹlòmíràn. (Àkólọ ni Warriors àti Kings náà o: Philadelphia ni ti àkọ́kọ́, Rochester ni ti èkejì.)

Ọ̀rọ̀ kejì tí mo dábàá ni "orílẹ̀". Ọmọ tí wọ́n bí sí Mushin, tí wọ́n ń fi oríkì orílẹ̀ Òwu kì, kò sí ẹni tó ń jiyàn ibi tó ti ṣẹ̀, àmọ́ oríkì yẹn kò sọ ọ́ di onílé ní Òwu. Nítorí náà: "Thunder, tí orílẹ̀ rẹ̀ jẹ́ Seattle, gba ife àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 2025." Lọ́tọ̀: "SuperSonics gba ife ní Seattle ní 1979." Ẹnikẹ́ni tó bá ń bẹ̀rù pé òǹkàwé yóò gbọ́ orílẹ̀-èdè níbẹ̀, kó kọ "orílẹ̀ ẹgbẹ́" nígbà àkọ́kọ́. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń kọ nípa Hakeem Olajuwon, ọmọ Èkó, ẹ lè lò ó fún Rockets, ẹgbẹ́ tó gbá bọ́ọ̀lù fún: San Diego ni orílẹ̀ wọn, láti 1967 dé 1971. Àríyànjiyàn kò sí níbẹ̀, torí Houston ni wọ́n ti gba ife méjèèjì, ní 1994 àti 1995.

Ó ku ohun tí olówó ń rà gan-an, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti jẹ́ ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ 30 tó wà ní NBA. "Ààyè" ni mo ń pè é. Bí ẹnikẹ́ni bá ní èyí tó sàn jù, kó mú un wá, àmọ́ kó má ṣe jẹ́ "ẹgbẹ́", torí ààyè ni Bennett rí kó kúrò ní Seattle.