"Ìṣípòpadà owó-oṣù" kò bá àgbẹ̀ mu

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ojúgbà mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Ẹ̀gbọ́n wa tó dábàá "ìṣípòpadà owó-oṣù" gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ Yorùbá fún "income mobility", ìyẹn bí owó àwọn ará oko ṣe ń lọ sókè sódò, ti gbìyànjú, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n ṣàtakò díẹ̀.

Àgbẹ̀ wo ló ń gba owó oṣù? Ìkórè lowó rẹ̀ ń tẹ̀ lé. "Owó-wíwọlé" ló tọ́. Ní ti "ìṣípòpadà", ẹni tó di ẹrù lọ sí ìlú mìíràn ló ń múni rántí, bẹ́ẹ̀ àgbẹ̀ tówó rẹ̀ yí padà lè má kúrò lójú kan.

Nǹkan méjì ni àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé sì ń wọ̀n. Àkọ́kọ́ ni bí owó ilé kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀ ṣe yí padà: bí owó gbogbo ilé bá di ìlọ́po méjì, gbogbo wọn ló gòkè, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ré ẹnìkejì rẹ̀ kọjá. Èkejì ni kí wọ́n to àwọn ilé láti orí ẹni tówó rẹ̀ kéré jù, kí wọ́n pín wọn sí ìdá 5 ọgbọọgba, kí wọ́n wá padà lẹ́yìn ọdún mélòó kan láti wo ẹni tó ti kúrò ní ìdá tó wà. Níbẹ̀, bí ẹnì kan bá gòkè, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Mo dábàá "ìgòkè-sọ̀kalẹ̀ owó-wíwọlé" fún gbogbo rẹ̀, kí "ìpààrọ̀ ipò" jẹ́ ti èkejì yìí nìkan. Ẹni tó bá ní ká pè é ní "ìgbéga" ti gbàgbé àwọn tó já bọ́.

Bí wọ́n ṣe pe ohun tó ń mú owó gòkè tàbí sọ̀ kalẹ̀ ní "okùnfà" náà ń kọ mí lóminú. Ilẹ̀, ìwé kíkà, iṣẹ́ mìíràn lẹ́yìn oko, ọ̀nà ọjà tó ṣe é rìn, àìsàn, ọ̀dá: gbogbo wọn kan ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ṣé ìwé ló sọ ọmọ di olówó, àbí ilé tó ti lówó tẹ́lẹ̀ ló rí i rán lọ síléèwé? Ẹni tó bá kọ "okùnfà" ti dájọ́ kó tó gbẹ́jọ́. "Ohun tó rọ̀ mọ́ ọn" tẹ́ mi lọ́rùn.

Ó wá ku "ìdílé", tí wọ́n fi túmọ̀ "household". Àwọn tó jọ ń gbé, tó jọ ń jẹun, ni àwọn olùwádìí sábà máa ń kà. Ìdílé tiwa fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tó wà nígboro tó ń fowó ránṣẹ́ ńkọ́? Bí a bá kà á mọ́ wọn, gbogbo owó rẹ̀ di owó ilé, orí tí a ó pín in sí á sì lé ọ̀kan. Bí a ò bá kà á, kìkì èyí tó fi ránṣẹ́ ló wọlé. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí lè gbé ilé kan láti ìdá kan bọ́ sí òmíràn! "Ilé oníkòkò kan" ni èmi fẹ́ máa lò. Ẹ lè fi mí rẹ́rìn-ín, àmọ́ kẹ́ ẹ mú èyí tó dára jù ú lọ wá.