Ọta .308 tí mò ń ki ò dúró dáadáa lọ́rùn bráàsì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Texas níbí ni mo wà, mo máa ń ki ọta ìbọn .308 fúnra mi, àwọn orí ọta kan le gan-an tí mo bá ń tì wọ́n wọ bráàsì (agolo idẹ tí ẹ̀tù ń wà nínú ẹ̀), àwọn míì sì dẹ̀ débi pé ìka lásán ń yí i. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má yin èyí tó dẹ̀ yẹn o! Tí orí ọta bá rì wọnú bráàsì, agbára ẹ̀tù lè pọ̀ jù, ìbọn lè bẹ́. Ṣé iye ìgbà tẹ́ ẹ ti yin gbogbo bráàsì yẹn dọ́gba? Bráàsì tá a ti yìn lọ́pọ̀ ìgbà, ọrùn ẹ̀ máa ń gan, tí dáì (irin tó ń fún ọrùn bráàsì kó kéré) bá fún un tán á tún ṣí padà díẹ̀, kò sì ní di orí ọta mú dáadáa.

Ìdáhùn: Òótọ́ ni. Ẹ fi iná mú ọrùn bráàsì òfìfo rọ̀, kí iná má dé ìdí o. Lẹ́yìn náà ẹ wọn ọrùn èyí tẹ́ ẹ ti ki, kẹ́ ẹ lo bushing (òrùka inú dáì tó ń fún ọrùn bráàsì) tó fi 0.002 ínǹṣì kéré sí i.