Wọ́n ní kí màmá mi wọ ìwádìí oògùn àrùn ìgbàgbé, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

ỌmọAlátà:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀dọ̀ mi ni màmá mi ń gbé ní Houston, wọ́n ti lé ní 75. Iyè wọn ti ń ra. Wọ́n á bu iyọ̀ sọ́bẹ̀, wọ́n á tún bu òmíràn, wọ́n á wá máa bínú pé ta ló ba ọbẹ̀ jẹ́. Dókítà ní àrùn ìgbàgbé ló ń bẹ̀rẹ̀, ó sì fún wa ní ìwé pé màmá lè wọ ìwádìí oògùn tuntun kan. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fárígá, wọ́n ní a ò ní fi ìyá wa dán oògùn òyìnbó wò.

Ohun tó ká mi lára jù ni ìdánwò tí wọ́n ṣe fún màmá. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi bi wọ́n, wọ́n tún ní kí wọ́n ya aago sórí bébà. Ata ni ìyá mi tà n'Ìbàdàn tí wọ́n fi tọ́ wa, orí ni wọ́n ń kó gbèsè gbogbo oníbàárà sí. Wọn ò di pẹ́ńsù mú rí. Ṣé irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ lè sọ òótọ́ nípa wọn?

BàbáDallas:
Ẹ̀gbọ́n yín ò jayò pa. Nílùú Tuskegee ní Alabama, láti 1932 títí di 1972, ìjọba Amẹ́ríkà ń fi àwọn ọkùnrin adúláwọ̀ bí 400 tí sífílíìsì ń bá jà ṣe ìwádìí, wọn ò sì fún wọn ní pẹnisílíìnì tó ń wo àrùn náà sàn nígbà tó dé. Ta ló fẹ́ gbàgbé ìyẹn?

Nọ́ọ̀sìÌdíkàn:
BàbáDallas, òótọ́ lẹ sọ. Síbẹ̀, ọmọ mi, má kọ̀ ọ́ láì bèèrè.

Ìdíkàn n'Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí. Láti 1992 ni àwọn ará ilé ìwòsàn UCH, Ọ̀jọ̀gbọ́n Osuntokun ló ṣáájú wọn, ti ń bá Indiana University ti Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí àrùn yìí níbẹ̀. Ilé àwọn àgbà ni wọ́n ń lọ, Yorùbá ni wọ́n sì fi ń bi wọ́n. Fún àwọn tí ò mọ̀wé, wọ́n ṣe ìdánwò ìṣáná: olùbéèrè á to igi ìṣáná mẹ́rin ní àrà kan, àgbà náà á to tirẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sí pẹ́ńsù níbẹ̀. Ọdún 2001 ni wọ́n tẹ àbájáde kan síta: lọ́dọọdún, àrùn ìgbàgbé ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mú 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àgbà Ìbàdàn, ṣùgbọ́n 3.24 ni láàárín àwọn àgbà adúláwọ̀ ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Ká ní àwọn ìyá wa ò jókòó dáhùn ni, ta ni ì bá mọ̀?

Wá wo lecanemab, oògùn àrùn ìgbàgbé tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí pátápátá ní 2023. Èèyàn 1,795 ni wọ́n fi dán an wò. Nínú àwọn tó jẹ́ ti Amẹ́ríkà, nǹkan bí 4.5 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni adúláwọ̀. Oògùn tó lè mú ọpọlọ wú tàbí kó ṣẹ̀jẹ̀ nìyẹn o! Tí adúláwọ̀ kan bá bi dókítà pé báwo ló ṣe ń ṣe irú òun, kí ni dókítà fẹ́ rí sọ? Ó ń dùn mí dọ́kàn.

Ní kí wọ́n tún ìdánwò náà ṣe ní Yorùbá. Bi wọ́n bóyá ẹ lè jáde nígbàkigbà, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣé ẹ ti bi màmá fúnra wọn ṣá?

ÌbejìChicago:
Kì í ṣe ẹ̀rù ló mú wa kúrò nínú ìwádìí tí bàbá mi wọ̀. Wọ́n ní ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ lé wọn wá, àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ sì ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀gá mi yọ owó mi. Ẹ béèrè owó ọkọ̀ àti ọjọ́ Sátidé kí ẹ tó fọwọ́ sí nǹkan kan.

ỌmọAlátà:
Ẹ ṣé gan-an. Mo bi màmá lálẹ́ àná. Wọ́n ní ṣé wọ́n máa fá irun àwọn, mo ní rárá. Wọ́n ní tí ẹni tó máa bi àwọn bá gbọ́ Yorùbá, àwọn á lọ, àmọ́ kí ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀. Mo ti fi ìwé ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn láàárọ̀ yìí.