Akáǹtì ni àbí ọ́díìtì? Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, mi ò kàwé akáǹtì ní yunifásítì

Lẹ́jà_Tuntun:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ibí. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn torí ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kí n sùn mọ́. Ọmọ ọdún 27 ni mí, bàọ́lọ́jì ni mo kà ní yunifásítì, àmọ́ nígbà tí mo ríṣẹ́, ẹ̀ka owó ni wọ́n fi mí sí, èmi ni mo ń tẹ rìsíìtì sínú Excel, èmi ni mo ń to ínfóìsì sí fáìlì, nígbà tó yá wọ́n ní kí n máa bá wọn ṣe bank reconciliation náà, ìyẹn kéèyàn fi ìwé owó tiwa wé ìwé báǹkì, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ọ̀hún ti wọ̀ mí lára. Lóṣù tó kọjá, ìwé tiwa àti ìwé báǹkì ò bára mu, 270 ló fi yàtọ̀, ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi wá a, àṣé ẹnì kan ló kọ 1,520 síbi tó yẹ kó kọ 1,250. Ẹ wò ó, inú mi dùn débi pé mo dìde lórí àga. Àtìgbà yẹn ni mo ti mọ̀ pé iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe nìyí.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé kí ni ìyàtọ̀ akáǹtáńtì àti ọ́dítọ̀ gan-an, torí bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ ọ́ ó dà bíi pé ọ̀kan náà ni. Ṣé mo gbọ́dọ̀ padà lọ gba dígírì míì ni? ACCA, CPA, CIA, gbogbo lẹ́tà ìwé ẹ̀rí yìí ti dà mí lórí rú. Mi ò sì mọ ìṣirò gidi gan-an o, kí n má parọ́.

Ẹ̀rí_Dà:
Àbúrò mi, o káre. Ọdún 11 rèé tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ọ́díìtì. Kí n tó dáhùn, 270 tó o fi ọjọ́ méjì wá yẹn, gbọ́ nǹkan tí ọ̀gá mi àkọ́kọ́ kọ́ mi: tí ìyàtọ̀ bá ti ṣeé pín sí 9 tí ò ṣẹ́kù, kọ́kọ́ wá ibi tẹ́nì kan ti gbé nọ́ńbà méjì tó tẹ̀ léra sódì, bíi 25 tó di 52. 270 pín sí 9 jẹ́ 30, ó ti fojú hàn. Tí ò bá ṣeé pín sí 9, pín in sí méjì, kó o wá nọ́ńbà tó bá jáde, ó lè jẹ́ pé wọ́n kọ ọ́ sí débíìtì, apá òsì ìwé owó, nígbà tó yẹ kó wà ní kírẹ́díìtì, apá ọ̀tún. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń rí bẹ́ẹ̀ o, àmọ́ ó máa ń gba èèyàn lọ́wọ́ wíwá káàkiri.

Ó dáa, ìyàtọ̀. Akáǹtáńtì ló ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, owó tó wọlé, owó tó jáde, gbèsè tí wọ́n jẹ àti èyí tí wọ́n jẹ wọ́n, òun náà ló ń kó gbogbo ẹ̀ jọ di ìròyìn tí àwọn tó nilé iṣẹ́ máa kà. Ọ́dítọ̀ ló máa wá dé lẹ́yìn tó máa ní ẹ̀rí dà? Kò gbọdọ̀ jẹ́ òun ló kọ ìwé yẹn, torí ẹni tó kọ ìwé ò lè tún jẹ́rìí pé ìwé náà tọ́. Ọ́dítọ̀ ọ̀hún pín sí méjì. Àwọn kan ń ti ìta wá, àwọn ni wọ́n ń sọ fáwọn tó nípìn-ín nílé iṣẹ́ bóyá ìròyìn owó náà ṣeé gbára lé. Àwọn kejì jẹ́ òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fúnra wọn, wọ́n ń yẹ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ wò, ibi tí olè lè gbà wọlé, ibi tí àṣìṣe lè ti ṣẹlẹ̀, wọ́n sì ń jábọ̀ fún ìgbìmọ̀ olùdarí.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn iṣẹ́ yìí nìyí. Lẹ́ẹ̀kíní tí wọ́n rán mi lọ wo bí wọ́n ṣe ń ka ọjà, páálí tò dé òrùlé, ọkùnrin tó ń mú mi káàkiri ń sọ pé gbogbo ẹ̀ pé, gbogbo ẹ̀ pé. Mo mú àwọn kan nínú ìwé, mo lọ wá wọn nílẹ̀. Lẹ́yìn náà mo mú àwọn kan nílẹ̀, mo lọ wá wọn nínú ìwé. Ẹ̀ẹ̀mejì lèèyàn gbọ́dọ̀ ṣe é torí ti àkọ́kọ́ ló máa fi èyí tó wà nínú ìwé tí ò sí nílẹ̀ hàn ẹ́, tìkejì ló máa fi èyí tó wà nílẹ̀ tí wọn ò kọ hàn ẹ́. Mo wá ní kí wọ́n bá mi gbé páálí kan wá láti ẹ̀yìn pátápátá. Ọmọ tó lọ gbé e fi ọwọ́ kan gbé e wá. Ọwọ́ kan! Páálí tó yẹ kó gba èèyàn méjì. Kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀.

Má rò pé àlọ́ ni o. Lọ́dún 1938 ní Amẹ́ríkà, àṣírí ilé iṣẹ́ oògùn McKesson & Robbins tú, ọjà bíi mílíọ̀nù 10 dọ́là tó wà nínú ìwé wọn ò sí níbì kankan láyé yìí, gbèsè oníbàárà bíi mílíọ̀nù 9 náà sì wà níbẹ̀ tó jẹ́ irọ́. Nígbà yẹn wọn ò fi dandan lé e pé kí ọ́dítọ̀ lọ fojú rí ọjà tàbí kó kọ̀wé sí àwọn tó jẹ gbèsè. Ọ̀rọ̀ yẹn ló sọ ọ́ di dandan. Síbẹ̀ lọ́dún 2020, Wirecard, ilé iṣẹ́ ìsanwó orí íńtánẹ́ẹ̀tì ní Jámánì, bílíọ̀nù 1.9 yúrò tí wọ́n ní ó wà ní báǹkì, àwọn báǹkì ní àwọn ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀, ìwé tí wọ́n mú kalẹ̀ ayédèrú ni. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nígbà tá a bá ń kọ̀wé sí báǹkì, àwa fúnra wa la máa ń fi í ránṣẹ́, ọ̀dọ̀ wa ni èsì sì gbọ́dọ̀ dé tààrà.

Ìyá_Oníṣirò:
Ẹ̀rí_Dà ẹ kú àlàyé, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó dà bíi pé ọ́díìtì nìkan ló dùn. Èmi ò ṣe ọ́díìtì rí, iṣẹ́ mi sì ń dùn mọ́ mi. Àwọn kan wà tó jẹ́ owó orí nìkan ni wọ́n mọ̀, àwọn kan ń ṣe bọ́jẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń sọ fún ọ̀gá pé tá a bá ta nǹkan yìí ní iye báyìí a ò ní jèrè, àwọn kan ń tú àṣírí jìbìtì fún ilé ẹjọ́. Ilé kan náà ni, yàrá ló pọ̀ níbẹ̀.

Àbúrò, o ò nílò láti padà lọ gba dígírì akáǹtì. ACCA, ẹgbẹ́ akáǹtáńtì tó bẹ̀rẹ̀ ní London lọ́dún 1904, ń gba èèyàn tó ka nǹkan míì, kódà ẹni tí ò ní dígírì rárá lè gba ìsàlẹ̀ wọlé. Ìdánwò 13 ni, ìpele mẹ́ta, mẹ́ta àkọ́kọ́ ò le púpọ̀, mẹ́fà tó tẹ̀ lé e ni òfin, owó orí, ìròyìn owó, ọ́díìtì àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, mẹ́rin tó kẹ́yìn ló ń lagùn lára èèyàn. 50 nínú 100 ni wọ́n fi ń yege. Ẹni tó bá ti kàwé akáǹtì tẹ́lẹ̀ lè rí ìdásílẹ̀ nínú ìdánwò tó tó 9, ìwọ tó jẹ́ bàọ́lọ́jì lo kà, máa retí àtibẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, má jẹ́ kó dùn ẹ́, ìpìlẹ̀ ẹ á fìdí múlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún ni wọ́n ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ìdánwò náà, March, June, September, December, àmọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ò ní àsìkò kan pàtó, ìgbà tó o bá fẹ́ lo lè ṣe é. Wọ́n ti kéde pé àwọn máa yí ètò yìí padà láti 2027, torí náà ojúlé tiwọn ni kó o ti wo èyí tó bá ń lọ lọ́wọ́ kó o tó sanwó, má gbára lé ohun tẹ́nì kan kọ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn.

CPA ti Amẹ́ríkà, ìdánwò mẹ́rin ni, 75 ni wọ́n fi ń yege, àtọdún 2024 ló ti jẹ́ pé mẹ́ta jẹ́ dandan fún gbogbo èèyàn, ìkẹrin lo máa fúnra ẹ yàn. Àmọ́ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tiẹ̀ lórí iye kíláàsì tó o gbọ́dọ̀ ti kà, kíláàsì akáǹtì wà níbẹ̀, ìyẹn lè dí ẹ lọ́nà.

Ohun kan tí mo fi ara kọ́: má ṣe ju ìdánwò méjì lọ lẹ́ẹ̀kan tó o bá ń ṣiṣẹ́. Èmi forúkọ sílẹ̀ fún mẹ́ta, mo ń ti ibi iṣẹ́ dé ní alẹ́, mo ń kàwé dòru, méjì ló já mi sílẹ̀, ọ̀kan nínú wọn maàkì 48. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn.

Ọ̀nà_Jìn:
Gbogbo ohun tí wọ́n sọ òótọ́ ni, àmọ́ kò tíì sẹ́ni tó sọ èyí tó máa ń dun èèyàn jù. Ìdánwò nìkan kọ́ o! ACCA ní kó o ní ìrírí oṣù 36 lẹ́nu iṣẹ́, kó o sì ṣe àwọn iṣẹ́ pàtó mẹ́sàn-án tí ẹni tó ń darí ẹ, tóun fúnra ẹ̀ jẹ́ akáǹtáńtì tó ti gbàwé ẹ̀rí, máa buwọ́ lù. Kíláàsì kékeré kan tún wà lórí ìwà ọmọlúwàbí nínú iṣẹ́.

Èmi yege gbogbo ìdánwò, inú gbogbo ilé dùn, mo wá lọ sí ilé iṣẹ́ tí mo ti ṣe ọdún méjì àtààbọ̀ pé kí wọ́n buwọ́ lù ú fún mi. Ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ mi ti kúrò níbẹ̀, wọn ò mọ ibi tó wà, ẹni tó gba ipò ẹ̀ ní òun ò lè buwọ́ lu ohun tóun ò rí. Mo bẹ̀bẹ̀ títí. Nígbà tí mo sì wá rò ó dáadáa, ohun tóun náà sọ bá òfin mu, torí irọ́ ló máa jẹ́. Èmi ni mi ò kọ nǹkan kan sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo wà níbẹ̀. Ọdún méjì sí i ni mo ṣe níbòmíì kí n tó di mẹ́ńbà.

Torí náà àbúrò, 270 tó o rí yẹn, ṣé o kọ ọ́ síbì kankan? Kọ ọ́. Ọjọ́ tó o ṣe é, ohun tó o ṣe, bó o ṣe rí i. Lóṣooṣù ni kó o máa gbé e fún ọ̀gá ẹ kó buwọ́ lù ú. Kó o sì mọ̀ pé dídi mẹ́ńbà ò ní kí wọ́n jẹ́ kó o máa fi orúkọ ara ẹ buwọ́ lu ìròyìn ọ́díìtì, láìsẹ́nsì tún wà fún ìyẹn, òfin orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ń sọ bí wọ́n ṣe ń gbà á.

Lẹ́jà_Tuntun:
Háà. Ẹ ṣeun gan-an, Olúwa á máa ràn yín lọ́wọ́. Ọ̀nà_Jìn, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lákínyẹmí ara, mi ò kọ nǹkan kan sílẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ ìṣirò wá ńkọ́, àti CIA?

Ẹ̀rí_Dà:
Ìṣirò tó o nílò ò ju àròpọ̀, àyọkúrò, ìlọ́po, pínpín àti ìdá nínú ọgọ́rùn-ún lọ fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́, kọ̀ǹpútà ló sì ń ṣe é. Tó o bá dé orí owó ìdókòwò, díẹ̀ máa kún un, wàá kọ́ ọ. Ohun tó ń já èèyàn sílẹ̀ nídìí iṣẹ́ yìí ni àìlè kọ àlàyé tó ṣe kedere, àti kéèyàn máa tijú béèrè ìbéèrè lẹ́ẹ̀kejì.

Bàọ́lọ́jì tó o kà ò sì ṣòfò. Ṣebí wọ́n kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń mú díẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ láti yẹ̀ wò, àti pé kéèyàn má sọ ju ohun tí díẹ̀ yẹn fi hàn lọ? Ohun tá à ń ṣe gan-an nìyẹn, kò sí ọ́dítọ̀ tó ń wo gbogbo rìsíìtì.

CIA, ti àwọn ọ́dítọ̀ inú ilé iṣẹ́ ni, apá mẹ́ta, ẹgbẹ́ wọn ti wà látọdún 1941. CISA wà fún àwọn tó ń yẹ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ wò, ìbéèrè 150 ní wákàtí mẹ́rin, ọdún márùn-ún ìrírí ni wọ́n sì ń béèrè kí wọ́n tó fún ẹ níwèé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè dín in kù fún ẹni tó bá ní àwọn ìwé ẹ̀rí kan. Fi méjèèjì sílẹ̀ ná. Kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé owó kó o tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Lẹ́jà_Tuntun:
Mo padà wá o. Mo bá ọ̀gá mi sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí, àṣé mẹ́ńbà ACCA ni wọ́n, ọdún kẹta rèé tá a ti jọ wà ní ọ́fíìsì kan náà mi ò béèrè rí! Wọ́n ní tí mo bá ti forúkọ sílẹ̀, àwọn máa bá mi buwọ́ lù ú, àmọ́ àwọn ò ní buwọ́ lu ohun tí wọn ò bá fojú wọn rí, mo ní bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kó rí. Mo ti ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, mo ti kọ ọ̀rọ̀ 270 sí ojú ewé àkọ́kọ́. Ẹ jọ̀ọ́ nínú mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn, èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe, Business and Technology tàbí Financial Accounting?

Ìyá_Oníṣirò:
Financial Accounting. Débíìtì àti kírẹ́díìtì tó ò ń ṣe lójoojúmọ́ ló wà níbẹ̀, ọwọ́ ẹ ṣì gbóná.

Ọ̀nà_Jìn:
Òun náà lèmi mú. Kọ déètì sórí ojú ewé yẹn o.