Ìbọn afẹ́fẹ́ tí ọmọ mi fẹ́ fi díje: ta ló mọ ìwé tí a ń gbà?

Bàbá Ọmọ Mẹ́ta, Ìsánlú

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn, ó ti sú mi ni. Láti oṣù Kejì ni mo ti ń sáré kiri lórí ọ̀rọ̀ yìí, n kò sì tíì rí ẹnì kan tó fún mi lésì gidi.

Ọmọ mi obìnrin ló ń yin ìbọn. Kì í ṣe ti ọdẹ o. Ìbọn ìléwọ́ ti eré ìdárayá ni, irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní Òlíńpíìkì. Èèyàn á dúró ní mítà 10 sí àmì, á na ọwọ́ kan, á yìn ín. Afẹ́fẹ́ ló ń ti ọta jáde, kò sí ẹ̀tù, kò sí èéfín. Ọta náà kò ju mílímítà 4.5 lọ. Àárín àmì tó ń fojú sùn, mílímítà 11.5 péré ni, kò tó èékánná àtàǹpàkò mi. Àbújá ló ti kọ́ ọ nígbà ìsinmi, lọ́dọ̀ ọkọ àbúrò mi tó jẹ́ sọ́jà. Nígbà tó lọ lẹ́ẹ̀kẹta, ó yin ọta 60, ó gba 531 nínú 600. Kóòṣì wọn pè mí, ó ní, "Bàbá, ọwọ́ ọmọ yìí kì í gbọ̀n." Mo sunkún lọ́jọ́ náà.

Ṣùgbọ́n ìbọn kan ṣoṣo ni ọmọ mọ́kànlá ń pín lò níbẹ̀, ti ọlọ́wọ́ ọ̀tún sì ni. Ọlọ́wọ́ òsì lọmọ mi. Ìdí ìbọn náà, ìyẹn ibi tí ọwọ́ ń dì mú, kò bá a lọ́wọ́ mu rárá, ó ti dá egbò sí i lábẹ́ àtàǹpàkò. Ni mo bá ní kí n ra tirẹ̀ fún un. Gbogbo kajú tí mo rí ká lọ́dún yìí ni mo tà. Ìyàwó mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ẹbí rẹ̀ ní mo fẹ́ sọ ọmọ wọn di adigunjalè. Ọ̀kan nínú wọn dìde níbi ìsìnkú, lójú gbogbo èèyàn, ó ní ìgbà tí ajínigbé ń kó èèyàn lójú ọ̀nà ni èmi ń wá ìbọn fún ọmọbìnrin. N kò dá a lóhùn. Ó sì ń dùn mí títí di òní.

Mo dé ọ́fíìsì kan, wọ́n ní kí n lọ sí òmíràn. Ìyẹn ní kí n padà wá lọ́la. Nígbà tó di ọ̀la, wọ́n ní ọ̀gá lọ sí ìpàdé. Ọmọkùnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní ẹ́jẹ́ńtì gba ₦150,000 lọ́wọ́ mi, ó ní owó fọ́ọ̀mù ni. Kò gbé fóònù mi mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ìwé wo gan-an ni mo máa gbà? Ta ló ti ṣe é rí?

Ọdẹ Bùnú

Okun o, bàbá. Ẹ kú ìrọ́jú. Kí ló wá le níbẹ̀? Ìbọn afẹ́fẹ́ ni. Bàbá mi ní ọ̀kan, èyí gígùn, òun la fi ń lé ẹ̀gà lóko ìrẹsì. Kò sẹ́ni tó bi wá ní ìwé. Wàhálà ìbọn tí èmi mọ̀ ni ti ṣakabùlà mi. Lọ́dún tó kọjá, àwa mẹ́rin ń ti igbó bọ̀, àwa tí ìlú fúnra rẹ̀ ní ká máa ṣọ́ igbó. Sọ́jà dá wa dúró, wọ́n ní ìwé dà? Ìwé ń bẹ nílé, nínú àpótí, lábẹ́ aṣọ ìyàwó mi. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo sùn lọ́dọ̀ wọn, ibà sì ń ṣe mí. Ọmọ mi ló gun ọ̀kadà gbé ìwé wá. Wọ́n dá ìbọn padà, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ti là sí méjì. Mo ní láti gbẹ́ òmíràn. Ẹ ra tiyín jàre.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, Mòpà

Ọdẹ, ẹ̀yin fúnra yín sùn látìmọ́lé lọ́jọ́ méjì nítorí ìwé, ẹ wá ń sọ fún ẹlòmíràn pé kó rà á?

Bàbá Ọmọ Mẹ́ta, ẹ dákun, ìyá ọmọ lèmi náà. Gbogbo kajú ọdún kan! Ṣé ẹ ti san owó WAEC rẹ̀? Ọmọ ọdún mélòó ni? Ẹ kò sọ. Àbúrò mi kó owó oko lé bọ́ọ̀lù ọmọ rẹ̀ báyìí. Ẹ́jẹ́ńtì kó àwọn ọmọ náà dé Kútọnu, ó já wọn jù síbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́tàlá ni wọ́n fi jẹ gàrí. Ẹ fẹ̀sọ̀ ṣe.

Amòfin ọmọ Kàbbà

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí òfin wí. Òfin ìbọn wa, ti ọdún 1959, pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní ni èyí tí òfin kà léèwọ̀ fún ará ìlú, bí ìbọn ogun àti ìbọn ìléwọ́ tó ń lo ẹ̀tù. Èkejì ni ìbọn ti ara ẹni, níbi tí dọ́bù bárẹ̀lì àwọn ọdẹ wà. Ibẹ̀ náà ni wọ́n to ìbọn afẹ́fẹ́ sí, ìbáà jẹ́ gígùn tàbí ìléwọ́. Ẹ̀kẹta ni ṣakabùlà. Ti ọmọ yín wà ní ọ̀nà kejì, láísẹ́ǹsì rẹ̀ sì ń ti ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá wá. Ọdẹ, ẹ gbọ́ o: ti bàbá yín náà gba ìwé, wọn ò kàn bi í ni.

Òfin yìí kan náà ní wọn kò gbọ́dọ̀ fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 17 ní láísẹ́ǹsì. Nítorí náà, bàbá, ọdún mélòó lọmọ yín? Ibo lẹ sì ti fẹ́ rà á?

Bàbá Ọmọ Mẹ́ta

Ẹ ṣeun, amòfin. Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, mo ti san WAEC, láti oṣù Kìíní. Èmi kì í ṣe bàbá tí kò mọ ojúṣe rẹ̀. Ẹ ò rí ọmọ náà nígbà tó bá ń yìn ín ni. Á mí sínú, á mí díẹ̀ síta, á wá dákẹ́ bí ẹni tó ń gbọ́ nǹkan lọ́nà jíjìn. Ọmọ tí kì í jókòó jẹ́ẹ́ rí ni o! Ẹ má pè é ní eré lásán.

Ọ̀dọ́ Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀

Bàbá, ẹ wo Yusuf Dikeç, ọkùnrin ará Túrkì tó gba fàdákà ní Paris ní 2024. Ọwọ́ kan nínú sápò, awò ojú lásán. Kò lo nǹkan olówó ńlá kankan. Kí ọmọ máa fi èyí tó bá rí kọ́ ọ.

Sájẹ́ńtì Fẹ̀yìntì, Ẹ̀gbẹ̀

Ọ̀dọ́, ohun tí kò lò ni awò pàtàkì àti ìbojú tí àwọn yòókù dì mọ́jú. Ìbọn ọwọ́ rẹ̀, ojúlówó ìbọn ìdíje ni. Bàbá kò ṣìnà nípa ìdí ìbọn. Tí kò bá bá ọwọ́ mu, èèyàn á máa yí ọrùn ọwọ́ kó tó rí àmì, ọta á sì máa fì sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọmọ Ìyàrá l'Ápápá

Iṣẹ́ kílíárìn ni mò ń ṣe, èmi ni mò ń bá èèyàn gba ẹrù jáde lọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù. Ẹ dúró ná, kí amòfin má baà kó bàbá yìí sínú ọ̀fìn. Kọ́sítọ́ọ̀mù ní ìwé kan tí wọ́n kọ ohun tí kò gbọ́dọ̀ wọ orílẹ̀-èdè yìí rárá sí. Air pistol, ìyẹn ìbọn afẹ́fẹ́ ìléwọ́, ló ṣíwájú gbogbo wọn níbẹ̀. Owó ẹyọ wà níbẹ̀, mánílà, owó onírin ayé àtijọ́, wà níbẹ̀, ewé tíì tí wọ́n ti lò tẹ́lẹ̀ náà wà níbẹ̀. Kì í ṣe pé ẹ ó san owó orí rẹ̀. Wọn kì í gba owó orí ohun tó jẹ́ èèwọ̀, ṣe ni wọ́n ń gbẹ́sẹ̀ lé e, wọ́n á sì mú ẹni tó gbé e.

Amòfin ọmọ Kàbbà

Èmi kò sọ pé kó gbé e wọlé. Mo sọ pé òfin ìbọn gba kéèyàn ní in tó bá ní láísẹ́ǹsì. Òfin ni mo kà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu.

Ọmọ Ìyàrá l'Ápápá

Kí ló fẹ́ ní nígbà tí kò lè dé ọwọ́ rẹ̀? Ẹ̀yin ń sọ nípa níní, bodè lèmi dúró sí. Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí mo ti wà níbẹ̀.

Amòfin ọmọ Kàbbà

Ó dáa, mo gbà bẹ́ẹ̀. Láísẹ́ǹsì níní kì í ṣe àṣẹ gbígbé wọlé. Tí ọ̀nà bá wà rárá, orúkọ àjọ eré ìdárayá tí ìjọba mọ̀ ni yóò gbà, pẹ̀lú ìwé láti ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí Ètò Ààbò. Kò lè gba orúkọ bàbá ọmọ. Bàbá, mo tún ń bi yín: ọdún mélòó?

Bàbá Ọmọ Mẹ́ta

Yóò pé 17 ní oṣù Kẹwàá.

Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ gbogbo rẹ̀. A ti ra ìbọn náà. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Jámánì ló rà á, owó kajú ni mo fi kún tirẹ̀. Ọ̀túnla, ọjọ́ Ẹtì, ló ń bọ̀. Ó ní òun yóò tú u sí wẹ́wẹ́: ìdí nínú báàgì tirẹ̀, àgbá, ìyẹn ọ̀pá tí ọta ń gbà jáde, nínú báàgì ìyàwó rẹ̀, sílíńdà afẹ́fẹ́ láàárín bàtà àwọn ọmọ. Ó ní níbẹ̀ wọn ò bi òun ní nǹkan kan nígbà tóun rà á. N kò tètè sọ ọ́ nítorí mo mọ̀ pé ẹ máa bá mi wí.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, Mòpà

Yéè! Báàgì ìyàwó olóyìnbó? Àti bàtà ọmọ? Ẹ pè é nísinsìnyí! Ẹ má dúró ka èsì wa!

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀ ní Jámánì

Ìdí tí wọn kò fi bi í ní nǹkan rèé. Níbí, ìbọn afẹ́fẹ́ tí agbára rẹ̀ kò kọjá 7.5 joule (òṣùwọ̀n agbára ọta ni joule), tí wọ́n tẹ létà F sí lára, ẹnikẹ́ni tó bá ti pé 18 lè rà á láìgba láísẹ́ǹsì. Òfin Jámánì nìyẹn, ẹnu bodè Jámánì ló sì parí sí. Afẹ́fẹ́ inú sílíńdà yẹn tó 200 bar nígbà tó bá kún (bar la fi ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe fún pọ̀ tó). Ohun tó ní irú agbára bẹ́ẹ̀ nínú kò gbọ́dọ̀ wọ bàálù. Ẹ̀rọ tó ń wo inú ẹrù yóò rí àgbá kó tó gòkè rárá.

Amòfin ọmọ Kàbbà

Títú tó fẹ́ tú u kò ràn án lọ́wọ́. Òfin ka apá ìbọn kọ̀ọ̀kan sí ìbọn. Tí àgbá bá wà nínú báàgì ìyàwó rẹ̀, ìyàwó náà gbé ìbọn nìyẹn. Ẹni méjì lẹ fẹ́ kó wọ ẹjọ́ dípò ẹnì kan. Ẹ sọ fún un báyìí gan-an.

Ọdẹ Bùnú

Bàbá, mo kó ọ̀rọ̀ mi àkọ́kọ́ jẹ. N kò mọ̀ pé báyìí ló rí. Ẹ pè é.

Bàbá Ọmọ Mẹ́ta

Mo ń pè é, ó wà níbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí ni màá sọ fún ọmọ? Mo ti ṣèlérí fún un. Ó ti kọ ọjọ́ náà sára ògiri.

Sájẹ́ńtì Fẹ̀yìntì, Ẹ̀gbẹ̀

Ẹ fi ẹ̀dọ̀ sórí òróǹro, kí ẹ gbọ́ èyí. Ìbọn ìdíje kò gbọ́dọ̀ wúwo ju gíráàmù 1,500 lọ, ọ̀pọ̀ wọn ò ju kílò kan lọ. Ẹ bu omi kún ìgò lítà kan, kó nà án sí ògiri funfun fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kó sinmi, kó tún nà án. Bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ ní báráàkì nìyẹn. Ìdíje ń gba ìṣẹ́jú 75 fún ọta 60. Apá tí kò bá lè dúró pẹ́, ìbọn tuntun ò ní ràn án lọ́wọ́.

Ohun kejì ni pé ìdí ìbọn ló ń dá ọmọ lápá, kì í ṣe ìbọn. Igi lásán ni ìdí ìbọn wọ̀nyẹn, ó ń yọ kúrò, òmíràn ń wọ ipò rẹ̀. Kí ló dé tí ẹ ò gbẹ́ ti ọlọ́wọ́ òsì fún ìbọn Àbújá yẹn?

Ọdẹ Bùnú

Ẹni tó gbẹ́ ìdí ṣakabùlà mi ń bẹ níbí! Igi ọ̀mọ̀ ló fi gbẹ́ ẹ. Kó mú àwòrán ọwọ́ ọmọ wá.

Amòfin ọmọ Kàbbà

Kóòṣì ni kó fi ìwọ̀n ránṣẹ́, kó sì kọ lẹ́tà pé ẹgbẹ́ àwọn ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ fún ìbọn tó ti ní ìwé. Mo tún sọ ọ́, òfin ka apá ìbọn sí ìbọn. Ṣé ti Àbújá yẹn ní ìwé?

Bàbá Ọmọ Mẹ́ta

Ti báráàkì ni, ó ní ìwé. Ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé fóònù. Ó bínú, ó ní ojo ni mí. Ìyàwó rẹ̀ ló gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ka ọ̀rọ̀ amòfin sí i létí, ìyẹn ti àgbá inú báàgì rẹ̀. Ó dákẹ́ lọ títí, ó wá ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu mọ́.

Bàbá Ọmọ Mẹ́ta

Ọjọ́ Ẹtì, alẹ́. Wọ́n ti gúnlẹ̀ sí Àbújá ní ọwọ́ òfìfo, ẹ bá mi dúpẹ́. Ìbọn náà wà ní ẹgbẹ́ ayìnbọn ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ní Jámánì, wọ́n tì í mọ́ àpótí irin. Mo sọ fún ọmọ náà. Ó sunkún, n kò purọ́ fún un. Lẹ́yìn ìgbà tó jẹun, ó béèrè bí ìdí onígi yẹn yóò ṣe rí. Kóòṣì ti fi ìwọ̀n ránṣẹ́, lẹ́tà ń bọ̀ ní ọjọ́ Ajé. Ó ní kí ọmọ fi ọwọ́ òsì di amọ̀ mú ṣinṣin bí ẹni tó fẹ́ yìnbọn, kí ipa ìka rẹ̀ lè hàn. Ó ti ṣe é. Ọdẹ, ṣé kí n mú un wá ní tútù ni, àbí kó gbẹ?

Ọdẹ Bùnú

Kó gbẹ díẹ̀ lábẹ́ ibòji, kí ẹ fi aṣọ wé e. Ẹ má sá a sóòrùn, yóò sán. Tí lẹ́tà bá ti dé, ẹ máa bọ̀. Ẹ mú ọmọ náà fúnra rẹ̀ dání, gbẹ́nàgbẹ́nà ní òun fẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú wò.