Yíyẹ ilé ọgbà fásitì wò kí a tó ṣírò owó àtúnṣe: ẹ wá sọ ohun tí ẹ mọ̀

Ayẹléwò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé àkàbà, ọ́fíìsì ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ gba àwòrán ilé bí wọ́n ṣe kọ́ ọ gan-an, torí èyí tí wọ́n yà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ máa ń yàtọ̀. Ẹ bèèrè ọdún tí wọ́n kọ́ ọ, ọdún tí wọ́n pààrọ̀ òrùlé kẹ́yìn, àti ìwé tí àwọn tó ń lo ilé fi ń ké sí oníṣẹ́ láti ọdún 3 sẹ́yìn. Ìwé ẹ̀sùn yìí ló máa ń tú àṣírí ilé jù. Bí balùwẹ̀ 3 tó wà lórí ara wọn bá ń ké sí púlọ́ńbà léraléra, páìpù tó gba àárín wọn kọjá ni kí ẹ fojú sí, kì í ṣe táàpù.

Láti òkè ni kí ẹ ti máa bọ̀ wá sílẹ̀, láti ìta ni kí ẹ ti máa wọlé. Ẹni tó bá ti rí ibi tí omi lè gbà wọ òrùlé á mọ ohun tí àbàwọ́n ara àjà ń sọ nígbà tó bá dé inú yàrá. Nínú họ́sítẹ̀ẹ̀lì oníyàrá 200, kò pọn dandan kí ẹ wọ gbogbo rẹ̀. 20 sí 40 ti tó, bí ẹ bá mú lára àwọn tó wà ní igun, àwọn tó wà lókè pátápátá àti àwọn tó wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá di ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ilé ìdáná, yàrá iná, àtẹ̀gùn àti òrùlé, kò sí pé a mú díẹ̀ wò. Gbogbo wọn ni ẹ máa dé.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù ni ìròyìn tí kò ní ìwọ̀n. "Ògiri ìta ti bàjẹ́" kò ṣeé ṣírò. "Pulásítà ti ṣí lára ògiri ìta níhà ìwọ̀-oòrùn, láti ilẹ̀ dé mítà 1.2, gígùn mítà 18, omi ilẹ̀ tó ń gun ògiri ló fà á" ṣeé ṣírò: sikúwéà mítà 21.6. Fọ́tò 2 ni kí ẹ yà fún àléébù kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan láti òkèèrè kí a lè mọ ibi tó wà, ọ̀kan láti ìtòsí pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Olórùlé

Ẹ ṣeun, Ayẹléwò. Ẹ jẹ́ kí n fi ti òrùlé kún un, torí bí a bá fi òun sílẹ̀, gbogbo ìyókù ló máa bà jẹ́.

Lórí òrùlé páànù, páànù fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń kọ́kọ́ kú. Wọ́sà rọ́bà abẹ́ orí ìṣó ni. Oòrùn á gbẹ ẹ́, á sán, omi á sì gba ibẹ̀ wọlé. Páànù tún máa ń gùn nínú oòrùn, á súnkì lálẹ́, àlọ-àbọ̀ yìí á sì máa fẹ ihò ìṣó sí i. Nítorí náà, ẹ ka ìṣó. Ẹ mú ojú ibi 3, sikúwéà mítà 10 lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ka iye tó ti yọ, iye tó ti dípẹtà, àti iye tí wọ́sà rẹ̀ ti sán. Bí páànù bá ṣì le, a lè fi ìṣó onísúkúrúù tó sanra díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ rọ́pò wọn, pẹ̀lú wọ́sà tuntun, òrùlé náà á sì tún lo ọdún mélòó kan. Etí tí wọ́n gé àti ibi tí páànù méjì ti gun ara wọn ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀, torí omi máa ń há síbẹ̀. Ẹ gbé etí rẹ̀ sókè díẹ̀, kí ẹ wo abẹ́. Òkè lè ṣì máa dán nígbà tí abẹ́ ti jẹ tán.

Òrùlé pẹrẹsẹ onídẹ́kìn yàtọ̀. Ẹ lọ wò ó ní wákàtí 48 lẹ́yìn òjò. Bí omi bá ṣì dúró lórí rẹ̀, yálà ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò tó, tàbí ojú ihò tí omi ń gbà sọ̀ kalẹ̀ ti dí. Sẹ̀ǹtímítà 2 nínú mítà 1 ni ìdagẹ̀rẹ̀ tó bójú mu. Ẹ wo ibi tí rọ́bà àìjómi ti gun ògiri náà: ó yẹ kó ga tó mìlímítà 150 ju ojú òrùlé lọ. Ibẹ̀ àti ìdí páìpù tó yọ sókè ni jíjò sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀, kì í sábà jẹ́ àárín gbalasa.

Àbàwọ́n àjà náà kì í sábà wà lábẹ́ ihò gan-an. Omi á wọlé níbì kan, á tọ igi òrùlé tàbí abẹ́ dẹ́kìn lọ síbi tó rẹlẹ̀, kó tó wá máa kán. Ẹ gun inú àjà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ tọ ipa rẹ̀ padà sókè.

Níbi tí fóòmù tó ń dènà ooru bá wà lábẹ́ rọ́bà, kámẹ́rà ooru wúlò púpọ̀. Ọjọ́ tí oòrùn ràn, tí òrùlé sì gbẹ, ni kí ẹ lò ó, lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀. Fóòmù tó ti mu omi á ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ nígbà tí gbígbẹ ti tutù. Àmọ́ kámẹ́rà nìkan kò tó ẹ̀rí. Ẹ gé ibi kékeré kan níbi tó gbóná, kí ẹ gé òmíràn níbi tó tutù, ẹ fọwọ́ kan fóòmù inú wọn, kí ẹ sì lẹ̀ wọ́n padà lọ́jọ́ náà gan-an. Fóòmù tó ti mu omi kò ní gbẹ lábẹ́ rọ́bà. Ẹ kọ ọ́ mọ́ ohun tí a máa kó dànù. Ẹni tó bá tẹ́ rọ́bà tuntun lé e lórí kàn ń ti omi mọ́lé ni.

Àwọn kan máa ń dí ihò ìsọ̀kalẹ̀ omi, wọ́n á wá da omi sórí dẹ́kìn láti fi wá ibi tó ń jò. Omi tó ga ní mìlímítà 50 wúwo tó kílò 50 lórí sikúwéà mítà kọ̀ọ̀kan. Kí ẹnjiníà fọwọ́ sí i kí ẹ tó dán an wò.

Ẹnjiníà Kọnkéré

Kí ẹnikẹ́ni má fojú kéré ọ̀rọ̀ ìwúwo omi tí Olórùlé sọ yẹn o.

Òòlù kékeré ni irinṣẹ́ àkọ́kọ́. Ẹ máa kàn án mọ́ abẹ́ dẹ́kìn, bíìmù, òpó àti balùkóní. Kọnkéré tó le á dún gan-an. Èyí tó ti ṣí kúrò lára irin á dún bí ohun tó ṣófo. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì yí ibi tó dún ṣófo ká, kí ẹ wọ̀n ọ́n. Ibẹ̀ máa ń tóbi ju ibi tó ti já bọ́ tí gbogbo ayé ń rí lọ, òun sì ni ìwọ̀n tó yẹ kó wọ inú ìṣirò.

Irin inú kọnkéré kì í dípẹtà níwọ̀n ìgbà tí álíkáì tó wà nínú kọnkéré bá ṣì ń dáàbò bò ó. Gáàsì carbon dioxide inú afẹ́fẹ́ ló ń wọlé díẹ̀díẹ̀ láti ojú rẹ̀, tó ń pa ààbò yẹn. Láti mọ ibi tó dé, ẹ fọ́ kọnkéré náà kí ojú tuntun yọ, ẹ gbọn eruku rẹ̀ nù, ẹ wá fọ́n phenolphthalein, kẹ́míkà tó ń yí àwọ̀ padà níbi tí álíkáì bá ṣì wà, sí i. Ibi tó bá di àwọ̀ píńkì ṣì wà lálàáfíà. Ibi tí kò yí àwọ̀ padà, ààbò ti lọ níbẹ̀. Ẹ fi rúlà wọn jíjìn rẹ̀, kí ẹ fi wé jíjìn irin. Bí irin bá wà ní mìlímítà 20, tí àìdára yẹn sì ti dé 18, ẹ kọ ọ́ mọ́ ohun tí kò ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀, kódà bí ojú kò tíì rí nǹkan kan. Tí omi òkun bá wà nítòsí, ẹ tún yẹ iyọ̀ wò, torí iyọ̀ lè mú irin dípẹtà nínú kọnkéré tó ṣì yí sí píńkì.

Owó iṣẹ́ yìí sábà máa ń kéré jù lórí ìwé, nítorí wọ́n kọ "pulásítà" síbi tó yẹ kí wọ́n kọ àtúnṣe kọnkéré. Ohun tí a ń ṣe nìyí: a ó fi ẹ̀rọ gé etí rẹ̀ kó gún, a ó gbẹ́ kọnkéré yí irin ká títí ìka á fi lè gba ẹ̀yìn irin kọjá, ó kéré tán mìlímítà 20, a ó fọ ìpẹtà dànù títí irin á fi dán, bí irin bá ti tín-ín-rín jù, ẹnjiníà á sọ èyí tí a máa fi tì í lẹ́yìn, a ó rẹ ojú rẹ̀ lómi, a ó fi àpòpọ̀ àtúnṣe dí i, a ó sì bò ó kó má tètè gbẹ. Ẹni tó bá kàn fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ojú rẹ̀ láìgbẹ́ ẹ̀yìn irin, ìpẹtà á tún tì í já, torí ìpẹtà gba ààyè ju irin tó jẹ lọ.

Ti ògiri tó sán: bí ojú sísán náà kò bá fẹ̀ ju mìlímítà 1 lọ, iṣẹ́ pẹ́ńtà ni. Títí dé 5, ilẹ̀kùn lè máa há díẹ̀, ó ṣeé dí. Láti 5 sí 15, a lè ní láti tú bíríkì apá kan kí a tún un mọ. Bó bá ti ju 25 lọ, ẹ kó èèyàn kúrò. Síbẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀ kò ṣe pàtàkì tó bóyá ó ṣì ń rìn. Ẹ lẹ ohun ìwọ̀n mọ́ ọn, kí ẹ máa kà á lóṣooṣù fún ọdún kan gbáko. Ẹni tó dí èyí tó ṣì ń rìn, owó ló sọ nù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń yẹ ilé wò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má gbàgbé RAAC, kọnkéré fífúyẹ́ tó kún fún ihò afẹ́fẹ́, tí wọ́n lò fún òrùlé pẹrẹsẹ láti àwọn ọdún 1950 sí àárín àwọn ọdún 1990. Ó lè wó láìṣe àmì kankan. Torí ẹ̀ ni ìjọba fi ní kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó lé ní 100 ní England ti apá tó ní in pa ní ìparí oṣù Kẹjọ ọdún 2023. Ẹ wọn ibi tí etí pátákó kọnkéré náà jókòó lé: bí kò bá tó mìlímítà 75, ọ̀rọ̀ kánjúkánjú ni.

Akọ̀wé Àtúnṣe

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ kú làálàá. Ti iná àti ti omi ńkọ́? Ṣé fọ́tò bọ́ọ̀dù iná ti tó?

Oníná

Kò tó rárá. Ẹ pa iná, ẹ yọ kọ̀ǹpútà àti gbogbo ohun ẹlẹ́tíróníìkì kúrò lára wáyà, torí ìdánwò yìí lè bà wọ́n jẹ́, kí ẹ wá fi 500 fóltì dán ìdènà wáyà wò, ìyẹn bí rọ́bà ara wáyà ṣe ń dá iná dúró tó. Fún àyíká iná ilé lásán, 1 mégàóòmù ni èyí tó kéré jù tí a lè gbà. Ibi tí súkúrúù ti dẹ̀ máa ń gbóná, kámẹ́rà ooru á sì fi í hàn, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn èèyàn bá ń lo iná gan-an nìkan. Ẹ má lọ yà á nígbà ìsinmi. Bí wọn kò bá ṣe bíréékà irú ti bọ́ọ̀dù náà mọ́, ẹ ṣírò owó odindi bọ́ọ̀dù, kódà bó ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀rọ amúlétutù tó ń lo gáàsì R-22, pípààrọ̀ ni kí ẹ kọ. Àwọn orílẹ̀-èdè tó ti gòkè àgbà ti dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ fún ẹ̀rọ dúró láti 2020.

Púlọ́ńbà

Garawa lítà 10 àti aago. Ẹ lọ sí táàpù tó jìnnà jù lókè pátápátá, ẹ wo ìṣẹ́jú-àáyá tó fi kún, kí ẹ tún ṣe é ní ìsàlẹ̀. Nínú ilé tó ń lo páìpù irin àtijọ́, bí ìyàtọ̀ bá pọ̀ jù, ẹ gé páìpù kan tó gùn tó mìlímítà 300 kí ẹ wo inú rẹ̀. Ìpẹtà lè ti fún ihò rẹ̀ pa títí kò fi ju ìka lọ. Lálẹ́, nígbà tí gbogbo táàpù bá wà ní títì, ẹ ka mítà omi lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá rìn, omi ń jò níbì kan tí ojú kò rí.

Ẹ má sì kọ owó páìpù nìkan. Fífọ́ ògiri, dídí i padà, táìlì àti kíkùn lè ju owó páìpù lọ.

Oníṣirò Ilé

Ọ̀rọ̀ kàn mí wàyí. Nọ́ńbà tí àwọn aláṣẹ máa ń bèèrè ni FCI (Facility Condition Index, ìwọ̀n bí ilé ṣe wà sí): owó àtúnṣe tó ti yẹ ká ṣe tí a kò ṣe, tí a pín pẹ̀lú iye tí a máa ná lónìí láti kọ́ irú ilé náà tuntun. Bí kò bá tó ìdá 5 nínú 100, ilé dára. 5 sí 10, ó wà bẹ́ẹ̀-bẹ́ẹ̀. Bó bá ju 10 lọ, kò dára. Ká ní àtúnṣe jẹ́ mílíọ̀nù 54, kíkọ́ tuntun sì jẹ́ mílíọ̀nù 600: ìdá 9 ni. Ẹlòmíràn á lọ mú iye tí wọ́n fi kọ́ ọ látijọ́, ká ní mílíọ̀nù 200, ilé kan náà á sì di ìdá 27. Lónìí ni kí iye méjèèjì jẹ́.

Àṣìṣe kejì ni kí a fi owó iṣẹ́ lásán sílẹ̀. Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí: iṣẹ́ jẹ́ mílíọ̀nù 30. Sìkáfọ́lù, ọgbà ààbò àti ìmúrasílẹ̀ gba ìdá 15, ó di 34.5. Ìdá 10 fún ohun tí a kò rí tẹ́lẹ̀, ó di 37.95. Ìdá 10 fún ẹnjiníà àti alábòójútó, ó di 41.7. Bí iṣẹ́ kò bá ní bẹ̀rẹ̀ títí ọdún 2, tí owó ọjà sì ń gùn ní ìdá 8 lọ́dún, ó di 48.7. Láti 30 ló ti gbéra o. Ìdá wọ̀nyí á yàtọ̀ láti ibì kan sí òmíràn, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ṣeé fò. Ilé tí akẹ́kọ̀ọ́ kò lè kúrò níbẹ̀ tún máa ń gbówó lórí, torí alẹ́ tàbí ìgbà ìsinmi nìkan ni iṣẹ́ máa ń wáyé.

Ẹ sọ́ra fún kíka nǹkan kan lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá ti kọ òrùlé tuntun, ẹ yọ àtúnṣe jíjò 12 tí ẹ kọ sílẹ̀ yàrá-yàrá. Ní ti sìkáfọ́lù, bí pulásítà, fèrèsé àti pẹ́ńtì bá wà lójú ògiri kan náà, ẹ̀ẹ̀kan la máa gbé e dúró.

FCI kò mọ ohun tó léwu. Ilé oní-ìdá 3 lè ní balùkóní tó fẹ́ já, ilé oní-ìdá 14 sì lè jẹ́ pẹ́ńtì àti táìlì ni gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, ẹ pín iṣẹ́ sí ọ̀nà 4 kí ẹ tó gbé nọ́ńbà kalẹ̀: èyí tó lè pa èèyàn (lójú ẹsẹ̀), èyí tó ń ba nǹkan míì jẹ́ (láàárín ọdún 1), èyí tó lè dúró di ọdún 2 sí 5, àti èyí tó kàn jẹ́ ẹwà. Bí wọ́n bá sì bi yín pé èló ló yẹ kí wọ́n máa yà sọ́tọ̀ lọ́dọọdún, ìgbìmọ̀ National Research Council ní Amẹ́ríkà dábàá ìdá 2 sí 4 nínú 100 iye kíkọ́ tuntun ní 1990, a ṣì ń lò ó títí di òní.

Ayẹléwò

Oníṣirò, ẹ fi èyí kún ìlà owó yín: asibẹ́sítọ́ọ̀sì, ohun ìkọ́lé àtijọ́ tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Nínú ilé àtijọ́ ó lè wà nínú páànù sìmẹ́ǹtì, táìlì ilẹ̀, àti ohun tí wọ́n fi wé páìpù gbígbóná. Èyí tó ń rún sí ìyẹ̀fun ló léwu jù. Kí ẹnikẹ́ni má lù ú, kó má gbẹ́ ẹ, kó má gbá eruku rẹ̀. Ẹni tó ní ìwé àṣẹ ni kó rẹ ẹ́ lómi, kó gé díẹ̀, kó dí i sínú ọ̀rá méjì, kó sì gbé e lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Títí èsì á fi dé, ẹ má fún agbaṣẹ́ṣe kankan ní owó fífọ́ àjà, torí bí ó bá jẹ́ òun ni, owó ìkódànù rẹ̀ nìkan lè ju ti àjà tuntun lọ.