Ṣé kí n lọ gé awọ apá mi tó ń fì yìí?

Olùbéèrè:
Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo sanra gan-an tẹ́lẹ̀, ara mi ti wá dín kù dáadáa. Ikùn lọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ, àmọ́ awọ òkè apá mi méjèèjì takú. Bí mo bá nawọ́ sókè, á máa fì dirodiro. Bí ooru bá mú, á máa ha mí lábíyá títí á fi bó. Mo gbé irin títí. Apá le, awọ ò le. Wọ́n ní iṣẹ́ abẹ wà tí wọ́n fi ń gé e. Ọkọ mi ní kí n má dán an wò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é, ẹ bá mi sòótọ́.

Ìyá Ìbejì:
Ẹran apá ni irin ń mú le. Awọ tó bá ti nà kọjá ààlà kì í sún padà. Èmi ṣe é, inú mi sì dùn pé mo ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ máa gba àpá o! Tèmi bẹ̀rẹ̀ láti abíyá, ó gba inú apá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìgúnpá. Níbẹ̀rẹ̀, ńṣe ló le gbagidi, tó ń yún mí, tó dúdú ju ara yòókù lọ. Ó tó bí ọdún kan kó tó rọ̀. Kò parẹ́, kò sì ní parẹ́. Aṣọ kan tó fún pinpin ni wọ́n ní kí n máa wọ̀ sápá tọ̀sán-tòru kó má baà wú. Nígbà yẹn, mi ò lè gbọ́wọ́ sókè ya irun orí mi, ẹlòmíì ló ń bá mi yà á. Àwọn ọmọ ń sunkún kí n gbé wọn, mi ò gbọ́dọ̀ gbé wọn.

Bọ̀dá Jẹ́jẹ́:
Ọkọ yín ló sòótọ́. Ta ló ń wo apá èèyàn?

Ìyá Ìbejì:
Bọ̀dá, abíyá tiyín ò bó. Ẹ rọra.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì:
Ṣé ara yín ti dúró sójú kan fún nǹkan bí oṣù 6? Bí ẹ bá tún sanra tàbí tún fọn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, awọ á tún yí padà. Ṣé ẹ ní ìtọ̀ ṣúgà? Ṣé ẹ ń mu sìgá? Méjèèjì kì í jẹ́ kójú egbò tètè jiná. Ṣé wọ́n ti yọ kókó inú abíyá yín rí nítorí jẹjẹrẹ ọmú? Àti kélọ́ìdì, ìyẹn àpá tó máa ń wú kọjá ojú egbò, ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé fífa ọ̀rá jáde ti tó o. Awọ lásán ló ṣẹ́ kù fún yín, ó tiẹ̀ lè jẹ́ kó fì sí i.

Olùbéèrè:
Mi ò ní ṣúgà, mi ò mu sìgá. Àmọ́ etí mi kan tí wọ́n lu wú. Wọ́n gé e, ó tún hù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì:
Háà! Kélọ́ìdì nìyẹn. Ó wọ́pọ̀ lára àwa aláwọ̀ dúdú, bí wọ́n bá sì gé e lásán, ó sábà máa ń padà. Etí, àyà àti èjìká ló fẹ́ràn jù; kò di dandan kó hù ní inú apá. Ṣùgbọ́n ojú abẹ tó gùn tó yẹn, lápá méjèèjì! Bó bá jẹ́ nítorí aṣọ nìkan ni, èmi ò ní ní kẹ́ ẹ ṣe é. Bíbó yìí ló mú ọ̀rọ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Ẹ fi etí yẹn han dókítà kẹ́ ẹ tó fi apá hàn án. Ẹ bi í ohun tó máa ṣe bó bá hù: abẹ́rẹ́ sítẹ́rọ́ìdì wà tí wọ́n ń gún sínú àpá, sílíkọ́ọ̀nù pẹlẹbẹ náà wà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn. Kó fi fọ́tò àwọn aláwọ̀ dúdú tó ti ṣe é fún hàn yín, èyí tí wọ́n yà lẹ́yìn ọdún kan.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ bi í nípa iṣan tó ń jẹ́ kára mọ nǹkan náà. Ibì kan wà nísàlẹ̀ ìgúnpá mi, bí mo bá fọwọ́ kàn án, mi ò mọ̀ ọ́n lára dòní.

Olùbéèrè:
Mo gbọ́, ẹ ṣeun. Kí ni kí n máa ṣe sí bíbó yìí kó tó dìgbà náà?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì:
Ẹ máa nu ún gbẹ lẹ́yìn ìwẹ̀, ẹ fi fasilíìnì díẹ̀ pa ibi tó ń ha, kẹ́ ẹ sì wọ aṣọ òwú tó lápá. Bó bá ń rùn tàbí tó ń ṣomi, ẹ lọ fi hàn dókítà. Ẹ sì máa ya fọ́tò rẹ̀ nígbàkígbà tó bá bó, kẹ́ ẹ mú un dání lọ.